Ta ni bàbá John Bunch? Èsì sí ìròyìn yín lórí ìdílé ìyá Obama

Sí Olóòtú,

Ọ̀kún o. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú àforítì. Mo ka àkọsílẹ̀ tí ẹ gbé jáde lórí ìdílé ìyá Barack Obama, níbi tí akọ̀ròyìn yín ti kọ ọ́ bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn kankan nínú rẹ̀, pé John Punch, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ilé-ẹjọ́ Virginia dá lẹ́jọ́ ìsìnrú títí ayé ní ọdún 1640, ni ó bí John Bunch, àti pé láti ara John Bunch yìí ni ìdílé ìyá ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà kan rí ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni ẹ gba lẹ́tà òǹkàwé kan láàyè, ẹni tí ó fi kún un pé àyẹ̀wò DNA ti fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni Punch. Inú mi dùn pé ìwé ìròyìn tí ó ń fi èdè wa sọ̀rọ̀ lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn òǹkàwé, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣeé ṣe. Ó tilẹ̀ súnmọ́ òótọ́ gan-an lójú tèmi, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ kejì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ìwé sọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1640, wọ́n kó ọkùnrin mẹ́ta wá síwájú ilé-ẹjọ́ àgbà ní Virginia, tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Hugh Gwyn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń sìn kí wọ́n tó sá lọ sí Maryland, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú wọn padà. Victor ni orúkọ ẹni àkọ́kọ́, ará Họ́láńdì ni; James Gregory ni ẹnì kejì, ọmọ Scotland; ẹnì kẹta ni John Punch, tí ìwé ilé-ẹjọ́ kàn pè ní aláwọ̀ dúdú, láì sọ ìlú tí ó ti wá, láì sì sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ṣẹ̀. Pàṣán ọgbọ̀n ni ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n na ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, wọn kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Lẹ́yìn pàṣán ni ọ̀nà wọn pín. Wọ́n ní kí Victor àti Gregory parí àdéhùn ìsìn wọn, kí wọ́n fi ọdún 1 sí i fún ọ̀gá wọn, kí wọ́n sì wá sin ìjọba ilẹ̀ náà fún ọdún 3. Ṣùgbọ́n ní ti John Punch, wọ́n ní kí ó máa sin ọ̀gá rẹ̀, tàbí ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá náà bá fà á lé lọ́wọ́, títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn, síbẹ̀ mi ò lè ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kí ara mi má bù máṣọ. Ìwé náà kò dárúkọ ìyàwó fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ọmọ.

Akọ̀ròyìn yín tún pe Punch ní ẹrú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn náà sì gba àtúnṣe díẹ̀. Ìwé tirẹ̀ ni ó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí ó kù lọ́wọ́, tí ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ gbangba pé kí ènìyàn sìn títí ikú. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ti wà nínú irú ìgbèkùn bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje kan náà, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà dá ẹjọ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn tí ń jẹ́ Emanuel, òun náà bá àwọn ìránṣẹ́ aláwọ̀ funfun sá lọ. Wọ́n na òun náà ní ọgbọ̀n pàṣán, wọ́n fi irin gbígbóná kọ lẹ́tà R sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì ní kí ó fi ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọdún kankan kún iye ọdún tí yóò fi sìn. Àwọn onímọ̀ ìtàn wá ń béèrè pé, kí ni wọ́n ìbá tún fi kún ìsìn ẹni tí ìsìn rẹ̀ kò lópin tẹ́lẹ̀?

Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ John Bunch, ìtàn náà yí padà. Ní ọdún 1662 ni a rí orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìjọba fún ní ilẹ̀ ní New Kent, ní Virginia kan náà. Òmìnira ni, kò sin ẹnikẹ́ni. Ìwé kò sọ bàbá rẹ̀ fún wa. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì: àwọn tí ó jókòó sí Virginia ń fẹ́ aláwọ̀ funfun títí tí gbogbo ènìyàn fi ń kà wọ́n sí aláwọ̀ funfun, àwọn tí ó ṣí lọ sí Carolina ní gúúsù sì rèé, wọ́n ń bá wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun pàdé lára wọn. Ní ọdún 1705, John Bunch mìíràn nínú ìdílé náà fẹ́ gbé obìnrin funfun kan tí ń jẹ́ Sarah Slayden níyàwó, àlùfáà sì kọ̀ láti so wọ́n pọ̀ nítorí òfin tí ó ní kí funfun má fẹ́ dúdú. Àwọn méjèèjì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ gómìnà. Ìgbìmọ̀ náà kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Wọ́n gbé ìbéèrè náà lé amòfin ìjọba lọ́wọ́, pé bí ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ dúdú àti funfun, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ funfun pátápátá, bá dìde láti gbéyàwó, ṣé òfin yẹn ṣì mú un ni àbí kò mú un? Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dúró síwájú àwọn àgbààgbà ìlú, tí wọ́n ń ṣírò bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ kí ó tó lè mú obìnrin tí ó fẹ́ràn wọlé.

Ìwé ti tọ́ka sí Áfíríkà láti ìgbà náà nìyẹn. Ohun tí àyẹ̀wò DNA wá ṣe ni pé ó jẹ́rìí sí i. Ara ọkùnrin ni kromosóòmù tí wọ́n ń pè ní Y, ọ̀kan nínú àwọn fọ́nrán tí DNA wà nínú wọn, máa ń wà. Bàbá ló ń fà á lé ọmọkùnrin lọ́wọ́, ọmọkùnrin yóò sì fà á lé tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí oyè ìdílé tí kì í gba ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kọjá. Wọ́n yẹ ti àwọn ọkùnrin tí ń jẹ́ Bunch lónìí wò, títí kan àwọn tí wọ́n mọ ara wọn sí funfun láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n sì bá ẹ̀yà tí ó ń jẹ́ E1b1a lára wọn, èyí tí orísun rẹ̀ jẹ́ Áfíríkà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Èyí dájú, n kò sì rí ẹni tí ó lè bì í wó: bí a bá tọ ìlà bàbá sí bàbá àwọn Bunch lọ sẹ́yìn, ọkùnrin dúdú ni a ó bá níbẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí gbà pé obìnrin funfun ni ìyá John Bunch, pé òmìnira ìyá yẹn ni ọmọ náà sì fi bọ́ lọ́wọ́ ìsìnrú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1662 ni Virginia wá sọ ọ́ di òfin pé ipò tí ìyá bá wà ni ọmọ yóò wà, òfin tí ó gba àwọn díẹ̀ bí ìdílé Bunch là, tí ó sì so ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí àwọn ọ̀gá funfun bí fún àwọn ẹrúbìnrin wọn mọ́ oko ẹrú.

Ibi tí ìlà náà ti já ni àárín Punch àti Bunch. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Ancestry.com, tí ń ṣe ìwádìí ìtàn ìdílé, kéde ìwádìí wọn, pé Punch ni ó jọ bàbá John Bunch jù lọ, pé a sì lè tọ ìlà Bunch dé ọ̀dọ̀ Stanley Ann Dunham, ìyá Obama, tí wọ́n bí ní ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas ní ọdún 1942. Ìròyìn náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí bàbá Obama, tí ó jẹ́ ọmọ Luo láti Kẹ́ńyà, kò ní àjọṣe kankan pẹ̀lú oko ẹrú Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ aláwọ̀ funfun ni ó wá jọ pé ó gbé ẹ̀jẹ̀ ẹrú wá fún un.

Ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ kì í ṣe kékeré. Orúkọ méjèèjì súnmọ́ ara wọn, etí ni akọ̀wé ayé ìgbà náà sì fi ń kọ orúkọ. Agbègbè odò York ni Gwyn tí Punch ń sìn wà, inú York náà ni wọ́n sì ti gé New Kent jáde ní ọdún 1654. Àwọn ọkùnrin dúdú kò tíì pọ̀ ní Virginia nígbà tí wọ́n bí John Bunch: nínú ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1625, ènìyàn 23 péré ni àwọn aláwọ̀ dúdú ní gbogbo ilẹ̀ náà, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Elizabeth Shown Mills, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù lọ nínú ìmọ̀ ìtàn ìdílé ní Amẹ́ríkà, láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ẹ̀rí DNA pé Áfíríkà ni orísun wọn kò ṣeé jà níyàn, pé ọ̀dọ̀ Punch nìkan ni àwọn ìwé tí ó kù tọ́ka sí, pé iṣẹ́ náà kúnjú ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ pẹ̀lú pé lórí àwọn ènìyàn tí ó ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, kò sí ìwádìí tí ó lè fi hàn láìsí iyèméjì pé ọkùnrin báyìí ni ó bí ọkùnrin báyìí.

Ẹ wò ó, Olóòtú, ẹni tí ó gbà pẹ̀lú wọn ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ń ta kò wọ́n. Ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́ wà ní New Kent fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1787, ẹnì kan dáná sun ọ́fíìsì akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ibẹ̀, ìwé ilẹ̀, ìwé ogún àti ìwé ẹjọ́ sì jóná. Díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n kó jọ lẹ́yìn ìgbà náà wà ní Richmond nígbà tí ìlú náà jóná ní òpin ogun abẹ́lé ní ọdún 1865, àwọn náà sì lọ. Bóyá ewé ìwé kan wà níbẹ̀ rí tí ó dárúkọ bàbá John Bunch ní gbangba, bóyá Punch ló dárúkọ, bóyá ẹlòmíràn ni. Eérú kò lè dáhùn ìyẹn. Ọkùnrin dúdú mìíràn tí orúkọ rẹ̀ kò wọ ìwé rárá lè ti gbé ní ẹ̀bá odò York nígbà náà, àyẹ̀wò kromosóòmù Y kò sì lè ya òun àti Punch sọ́tọ̀, nítorí a kò ní ohunkóhun láti ara Punch tí a lè fi wé ti àwọn Bunch. Gbogbo èyí wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà. Àwọn ni wọ́n kọ “ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́”. Akọ̀ròyìn yín ni ó yọ ọ́ kúrò.

Ní ti ẹni tí ó ní Yorùbá ni Punch, ìfẹ́ ìran ẹni ló sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé E1b1a pọ̀ lára àwa Yorùbá. Ó pọ̀ lára Ìgbò náà, ó pọ̀ lára àwọn ará Gánà, ó pọ̀ ní Kamẹrúùnù, ní Kóńgò, ní Àǹgólà, títí dé ìsàlẹ̀ gúúsù Áfíríkà níbi tí àwọn Bàǹtú tẹ̀dó sí. Bí a bá sì fẹ́ fi ìtàn gbè é lẹ́sẹ̀, Àǹgólà ni ìtàn tọ́ka sí ju ibòmíràn lọ. Àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n lé díẹ̀ ní 20, tí ọkọ̀ White Lion gbé gúnlẹ̀ sí Point Comfort ní Virginia ní oṣù Kẹjọ ọdún 1619, inú ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan tí ó gbéra láti Luanda ni wọ́n ti fi ipá gbà wọ́n. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó sọdá òkun, ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn lọ, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń mì tí ó sì wó, Bùràsíl àti Kúbà sì ni ọ̀pọ̀ wọn já sí. Punch ti kú tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan ará Kàbà nínú bàbá ọkùnrin tí ó gba ilẹ̀ ní New Kent. Ó kàn wá gidi. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà láti Bídà kó ilẹ̀ wa, Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú, Òwé àti Ọ̀wọ́rọ̀, títí di ọdún 1897 tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Ènìyàn ni wọ́n ń gbà fún ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn kan sá gun orí òkè, àwọn kan sá wọ ìlú aládùúgbò tí wọ́n sì di ọmọ ilé níbẹ̀, àwọn kan dé etí òkun. Nígbà tí míṣọ́nnárì S. W. Koelle ń gba èdè sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú ní Freetown, iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1854, ó bá ẹni tí ó ń sọ Yàgbà, ó bá ẹni tí ó ń sọ Ìjùmú, ó bá ẹni tí ó ń sọ Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n. Nítorí náà, kò sí ilé ńlá kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Kogí tí kò ní ibi tí ìlà tirẹ̀ ti já, tí ẹnì kan ń sọ pé ọmọ bíbí inú ilé ni bàbá báyìí, tí ẹlòmíràn sì ń sọ pé ogun ló gbé e wá. Ọ̀rọ̀ yìí ń da ìdílé rú, ó ń gbé oyè lọ sí kóòtù, ó sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ òrukàn.

Mo wà níbi ìpàdé ìdílé kan ní Ìjùmú nígbà tí oyè kan ṣófo. Bàbá àgbà kan ka orúkọ àwọn baba láti orí ara rẹ̀ dé orí ẹni tí ó tẹ agboolé dó, akọ̀wé ìdílé sì ń kọ ọ́ tẹ̀ lé e nínú ìwé eléèsáìsì tí ó gbé lé orúnkún. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ kẹrin, bàbá kejì gbé ọwọ́ sókè, ó ní ẹni yẹn kì í ṣe ọmọ ẹni tí wọ́n pè tẹ̀ lé e, pé ẹ̀yìn ogun ló wọlé. Ariwo sọ. Akọ̀wé náà, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kò pa ohunkóhun rẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ta ló sọ fún yín?” Bàbá náà ní ìyá tí ó bí bàbá òun ni, pé ìyá náà fojú rí ọkùnrin ọ̀hún ní àgbà rẹ̀. Ó wá yíjú sí bàbá àkọ́kọ́, ó bi òun náà bákan náà. Ó kọ ohun tí àwọn méjèèjì sọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì kọ orúkọ ẹni tí olúkúlùkù ti gbọ́ ọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá ni bàbá ìtàn. Ọmọ yẹn bu ọlá fún àrọ́bá, nítorí pé ó bi í ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti wá. Mo fẹ́ kí ìwé ìròyìn wa máa ṣe tó bẹ́ẹ̀ ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé dá dúró di ìgbà mìíràn, nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi itọ́ ẹnu wọn ṣàyẹ̀wò DNA, àbájáde ọ̀pọ̀ wọn sì ń tọ́ka sí Nàìjíríà. Wọ́n ń bọ̀ nílé, ó sì wù mí kí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ọ́ di àṣà láti máa pe ohun tí ó ṣeé ṣe ní ohun tí ó dájú, kò ní pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa fi oyè àti ilẹ̀ lọ àwọn àlejò wọ̀nyí lórí ìtàn tí wọ́n hun ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí wọ́n já kúrò lára ìran rẹ̀ láti 300 ọdún sẹ́yìn kò yẹ ní ẹni tí a tún ń parọ́ fún nígbà tí ó bá délé.

Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, ẹ tẹ àtúnṣe sí ojú ewé kan náà tí ìròyìn náà ti jáde, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ ojú ewé ẹ̀yìn, kí ẹ kọ ọ́ níbẹ̀ pé bàbá dúdú ni John Bunch ní, pé àwọn olùṣèwádìí rò pé Punch ni, àti ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì fi Yorùbá kún un. Ẹ tún jẹ́ kí àwọn òǹkàwé ka ìdájọ́ ọdún 1640 náà lódindi ní èdè wa, nítorí kò gùn ju ìpínrọ̀ kan lọ, ó sì sọ ohun tí ojú Punch rí ju gbogbo àlàyé tí èmi àti akọ̀ròyìn yín lè ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò bá yín túmọ̀ rẹ̀, mo ṣetán láti ṣe é láì gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.